Ìgò Tí Wọ́n Fi Ìda Pupa Dí

Ó ṣòro láti ra ẹ̀bùn fún ẹni tó ti tọ́ gbogbo nǹkan wò láyé. Ohun tí Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn, bí àyájọ́ ìgbéyàwó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé.

Oníkọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn èèyàn ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti ń gé kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ló ti ń tún àgádágodo ṣe, ibẹ̀ náà sì làwọn tí ilẹ̀kùn ti mọ́ síta ti máa ń wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣí i. Obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀, torí náà ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ tì.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí mò ń sọ yìí, tọkọtaya ni wọ́n. Ìyàwó ni wọ́n ń pè ní Ṣíbí. Òun àti Oníkọ́kọ́rọ́ ti ń bára wọn bọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kì í jáde nílé láìfi ṣíbí sínú báàgì. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní, "Èèyàn ò mọ ibi tí oúnjẹ ti lè ká a mọ́." Ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni wọ́n ń pè ní Tọ́wò. Ìkòkò kankan ò gbọdọ̀ kọjá níwájú Tọ́wò kó má ti ìka bọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì yìí lè fi odindi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀ ata, kí wọ́n sì jà sí i.

Kí lèèyàn fẹ́ fún irú wọn? Lọ́dún kan, Oníkọ́kọ́rọ́ gbé ọlọ kékeré kan lọ, èyí tí wọ́n fi òkúta dúdú gbẹ́. Mẹ́ta irú rẹ̀ ló bá lórí pẹpẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá oyin kan rí, oyin tí wọ́n ní àwọn kòkòrò tó ṣe é kì í bà lé ju òdòdó kan ṣoṣo lọ. Tọ́wò ti ìka bọ̀ ọ́, ó dijú, ó sì dárúkọ òdòdó náà kí Oníkọ́kọ́rọ́ tó la ẹnu. Lọ́dún tó kọjá, ó ra iyọ̀ aláwọ̀ eérú tí wọ́n wà jáde látinú òkè. Àbúrò Tọ́wò ti gbé irú rẹ̀ gan-an wá lánàá ọjọ́ náà. Ṣíbí rẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra, ó ní, "Iyọ̀ kì í pọ̀ jù nílé wa." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun Oníkọ́kọ́rọ́ délé.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ogún ọdún gééré ni wọ́n fi ṣègbéyàwó. Oníkọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ sọ̀yà pé tòun ló máa yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wọ inú ṣọ́ọ̀bù jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò rí nǹkan kan. Nígbà tó wá sú u, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Àlòkù, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta sí tiẹ̀. Ẹrù ilé àwọn tó kó lọ àti àwọn tó kú ni Ìyá Àlòkù máa ń tà, àga tó ti pàdánù ẹsẹ̀, àwo tó ti pàdánù ìkejì.

"Ìyá Àlòkù, kí lẹ ní tó jẹ mọ́ jíjẹ tàbí mímu, tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì?"

"Àfi eyín tí mo fi ń jẹun. Ṣé o máa rà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníkọ́kọ́rọ́ ti fẹ́ máa lọ kí obìnrin náà tó pè é padà.

"Dúró ná. Bàbá kan tó máa ń kan àga àti tábìlì ló kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n wá kó ẹrù yàrá ẹ̀yìn. Mo bá àpótí ìgò kan níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà máa ń fi èso pọn ọtí fúnra rẹ̀."

Ó fa àpótí náà jáde lábẹ́ tábìlì. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi di ìgò kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ kọ́ọ̀kì lásán ni wọ́n fi dé e. Àwọn mẹ́fà míì, ìda pupa ni wọ́n yọ́ lé wọn lẹ́nu, tó ṣàn wálẹ̀ sára ọrùn ìgò, tó gbẹ, tó ń dán.

"Mo ti mu lára àwọn oníkọ́ọ̀kì," ni Ìyá Àlòkù wí. "Ó dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó."

Oníkọ́kọ́rọ́ gbé ọ̀kan lára àwọn onída pupa sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìwé kékeré kan wà lára ìgò náà, tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ pẹ̀lú sùúrù: ṢẸ́RÌ. LÍLE. Oníkọ́kọ́rọ́ mọ ṣẹ́rì, èso pupa róbótó tí wọ́n máa ń tò sórí àkàrà òyìnbó. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí èyí tí bàbá náà kàn fi kọ́ọ̀kì dé bá dùn tó yẹn, báwo wá ni èyí tó jókòó fi ìda dí ṣe máa rí? Kò sí ẹni tó gba irú ẹ̀bùn yìí rí. Ó ní kí Ìyá Àlòkù bá òun wé e dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé e lọ fún wọn. Tọ́wò gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó fi ọwọ́ gbé e nídìí. Ṣíbí fi imú sí ìda náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà.

"Oníkọ́kọ́rọ́, níbo lo ti rí i?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà mu ún."

"A ò ní ṣí i lónìí," ni Ṣíbí sọ. "Lọ́la, ní agogo méjìlá ọ̀sán, pẹ̀lú oúnjẹ gidi, àwa méjèèjì péré."

Tọ́wò ní agogo méjìlá ti jìnnà jù. Wọ́n lé e kúrò nídìí ìgò. Oníkọ́kọ́rọ́ lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, orí rẹ̀ wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo mọ́kànlá àbọ̀ ti lọ díẹ̀, ó ń gé kọ́kọ́rọ́ fún oníbàárà kan nígbà tí Ìyá Àlòkù já wọlé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgò yẹn! Ìgò yẹn dà?"

"Ìgò wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ìda dí! Ṣé o ti mu ún? Jọ̀ọ́, sọ pé o ò tíì mu ún!"

Oníkọ́kọ́rọ́ pa ẹ̀rọ. "Mi ò mu ún. Mo fi ta ọ̀rẹ́ mi lọ́rẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Àlòkù di ẹnu tábìlì mú. Èémí ò jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ olóògbé náà ló wá sí ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀ yìí, ó ń sunkún, ó ń bèèrè àpótí. Ó ní bàbá òun kì í fi ìda pupa dí ohun tí èèyàn ń mu. Àwọ̀ pákó ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi kun àga kí wọ́n tó fi fánìṣì lé e. Sípírítì ni bàbá náà fi pò ó. Ìda pupa yẹn ni àmì pé kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án.

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ṣẹ́rì sí i!"

"Orúkọ àwọ̀ ni! Pákó ló fẹ́ kùn, kì í ṣe èso!"

"Àwọn márùn-ún tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílẹ̀, ọmọ náà jókòó tì wọ́n. Tìrẹ nìkan ló jáde."

Oníkọ́kọ́rọ́ ju kọ́kọ́rọ́ tó ń gé sílẹ̀. Ó wo aago ara ògiri. Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ó pe Ṣíbí. Fóònù dún, ó dún, ó dákẹ́. Ó tún un pè. Ṣíbí kì í mú fóònù wọ ilé ìdáná, ó ní ó máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Ó pe Tọ́wò. Wọ́n ti pa tiẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì: Ẹ MÁ MU ÚN. MÁJÈLÉ NI. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un kọ kó tó tọ̀nà. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, torí pé bó ṣe máa ń jáde nìyẹn, ó sì sáré síta. Kò rántí ti ilẹ̀kùn. Oníbàárà rẹ̀ dúró sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò.

Nínú takisí ló ti pe ọkọ rẹ̀. Akunlé ni ọkọ rẹ̀, orí àkàbà ló wà nígbà tó gbé fóònù.

"Sípírítì wo?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Ṣé èyí táwọn kápẹ́ńtà fi ń po àwọ̀?"

"Òun ni wọ́n pè é."

Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ìyàwó mi, gbọ́ mi dáadáa. Ẹnì kan mu ún rí níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, ó rò pé ọtí ni. Kò ṣe é ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló ń bi wá pé ta ló pa iná. Ọ̀sán gangan ni. Ìta la wà."

"Ó kú?"

"Má bi mí ní ìyẹn báyìí. Bí wọ́n bá ti mu ún, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ara òun dá. Ilé ìwòsàn ni. Kí o sì gbé ìgò náà dání."

Wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Mọ́tò tò gbọọrọ. Awakọ̀ náà ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí ohun tí sùúrù ò sè jinná. Oníkọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó ju owó sí orí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín àwọn mọ́tò. Báàgì irin ń gbá a nídìí. Gbogbo ẹni tó rí tó gbé nǹkan sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló dà bíi Tọ́wò lójú rẹ̀, ọmọ tó ń mu omi, bàbá tó ń mu tíì. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀: Ọ̀sán gangan ni. Ìta la wà.

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ọ̀nà wọn, agogo kan ti fẹ́ lù. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Ó fi gbogbo ara lù ú.

"Ṣíbí! Tọ́wò! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Kò sí ohùn. Ó fi imú sí ihò kọ́kọ́rọ́. Òórùn nǹkan tó ń jóná ló gbà á.

Ó kúnlẹ̀, ó tú báàgì. Ilẹ̀kùn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ní ọjọ́ míì, kò ní gbà á ju bí èèyàn ṣe máa sín lọ. Lọ́jọ́ náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún mú un, ó tún jábọ́.

"Olè!" Bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ti gun àtẹ̀gùn wá, ó na ìgbálẹ̀ síwájú bí ọ̀kọ̀. "Olè ọ̀sán gangan!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Oníkọ́kọ́rọ́ ni. Èmi ni mo tún tiyín ṣe lọ́jọ́sí."

"Oníkọ́kọ́rọ́ tó wá ń jalè, ṣé ìyẹn ló dára jù?"

"Bàbá, májèlé wà nínú ilé yìí! Wọ́n ti lè mu ún!"

Bàbá náà wo ojú obìnrin náà. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ tún ki irin náà bọ ihò, ilẹ̀kùn ṣí.

Èéfín ti kún ilé ìdáná. Ó pa iná, ó gbé ìkòkò tó ti dúdú sínú omi, ó sì lọ wo yàrá, ó wo balùwẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìbùsùn pàápàá. Kò sí èèyàn. Omi ti dà sílẹ̀ yí ibi ìfọwọ́ ká, sálúbàtà kan dojú dé nínú omi náà. Ó wá padà sí ibi tábìlì. Àwo méjì, oúnjẹ wà nínú wọn, ẹnikẹ́ni ò tíì bù ú. Ọ̀bẹ kan. Ẹ̀rúnrún ìda pupa káàkiri aṣọ tábìlì. Ìgò náà wà ní ṣíṣí.

Ife kékeré méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan kún. Èkejì ti gbẹ, àyàfi òrùka pupa kan nídìí rẹ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ wo ife náà títí. Ẹnì kan ti mu ún. Ta ni?

"Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń jáde," ni bàbá náà sọ látẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó tó wákàtí kan tàbí kó dín díẹ̀. Ọkọ di ìyàwó lọ́wọ́ mú. Obìnrin náà dijú pa, kò rí ọ̀nà, ọkọ ló ń ka àtẹ̀gùn fún un. Ó ń sunkún."

Oníkọ́kọ́rọ́ di àga mú. Ọkọ rẹ̀ ti sọ pé ọjọ́ kejì ni ojú máa ń fọ́, kì í ṣe ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í jókòó ṣe ìṣirò. Ohun tó ń rí ni Ṣíbí, tó máa ń ki orí bọ inú ìkòkò láti wo bí epo ṣe ń yọ lójú ọbẹ̀, tí kò ní rí i mọ́ láéláé. Òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá, tó ní kí wọ́n wé e dáadáa.

"Níbo ni wọ́n lọ?"

"Ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn pápá. Máa lọ, ọmọ mi. Èmi á ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Ó fi kọ́ọ̀kì ìgò míì dé ìgò náà pa, ó fi tówẹ̀lì wé e, ó sì gbé e mọ́ àyà. Bó ṣe ń sáré, ó ń gbọ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń mì.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Tọ́wò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì.

"Oníkọ́kọ́rọ́! Ta ló sọ fún ọ? Ìwọ obìnrin yìí, ẹ̀bùn rẹ fẹ́ràn ìjà o!"

"Ṣíbí dà?"

"Ó wà nínú lọ́hùn-ún. Mo ń fi ọ̀bẹ ṣí ìda yẹn, ó fọ́, ó ta sí i lójú. Wọ́n ti fi omi fọ ojú náà, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Nọ́ọ̀sì ní ojú ò bàjẹ́."

Ẹ̀rín àti ẹkún jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́nu Oníkọ́kọ́rọ́. Ó jókòó tì í. Ìda ni. Ìda lásán ni. Ó fẹ́ máa dúpẹ́, àfi bí ife tó gbẹ yẹn ṣe tún padà wá sí i lójú.

"Ṣíbí mu nínú ẹ̀?"

"Kò tíì fẹnu kàn án. Ibi tó ti ń fi omi ṣan ojú ni mo ti mu tèmi, mo rò pé nǹkan kékeré ni." Tọ́wò fọwọ́ pa ọ̀fun. "Ó le o! Ó jó mi dé ìfun. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbàlagbà bá fi ìda dí, èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe bí ọmọdé sí i. Mo mu ún tán."

Oníkọ́kọ́rọ́ wo ojú rẹ̀. Ó mọ́ kedere, ó ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé? Kí ló dé tí ò ń wò mí báyẹn?"

"Tọ́wò, kì í ṣe ọtí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wàràwàrà, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Bisikíìtì dúró sí ọwọ́ Tọ́wò. Kò pariwo, kò bú u. Ó kàn gbé orí sókè, ó wo gílóòbù tó wà ní àjà, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ara mi dá," ló sọ, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Ó fà á dìde. Ó ké pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì pe dókítà. Dókítà náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ṣí tówẹ̀lì, ó gbóòórùn ìgò, ó ka ìwé ara rẹ̀.

"Ìgbà wo lo mu ún?"

"Ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Tọ́wò fi ìka méjì júwe ife náà.

"Ta ló gbé ìgò yìí wá?"

"Èmi ni," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Èmi náà ni mo rà á."

Dókítà wò ó díẹ̀. "Ohun tó mu yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ ojú. Ohun tí ara máa sọ ọ́ dà ni, ìyẹn sì máa ń gba àkókò. Bí a bá yára, a lè dí ara lọ́wọ́. Ká ní ó sún ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la ni, ohun tí ǹ bá sọ fún yín ì bá yàtọ̀."

Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí apá méjèèjì, wọ́n fa oògùn sínú iṣan rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Oníkọ́kọ́rọ́ lọ sọ fún Ṣíbí, ṣùgbọ́n ta ni ì bá tún lọ?

Ṣíbí jókòó sórí ìbùsùn, báńdéèjì bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ojú òsì nìkan ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀, torí kò ṣẹ́jú títí ó fi parí.

"Ìwọ lo rà á?"

"Èmi ni."

"Inú ẹrù ẹni tó ti kú, tí o ò mọ̀ rí, tí o ò lè bi léèrè."

"Ṣíbí..."

"Lọ jókòó síbòmíì. Mi ò lè wò ọ́ báyìí."

Oníkọ́kọ́rọ́ lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti bá a, pẹ̀lú ọ̀dà funfun lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sọ pé kó má bẹ̀rù. Ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká.

"Ẹni tí mo sọ fún ọ yẹn," ló wí nígbà tó pẹ́, "kò sẹ́ni tó mọ ohun tó mu títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nọ́ọ̀sì jáde wá ní kíá, ó pe dókítà. Tọ́wò ní òun ń ríran bí ẹni wà nínú ìkùukùu, pé ògiri àti aṣọ dókítà ti di ọ̀kan náà. Ilẹ̀kùn ò pa dé dáadáa, Oníkọ́kọ́rọ́ sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tó fi ń pàṣẹ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, tó ti wá tín-ín-rín bí òwú. "Ṣíbí, ṣé ọwọ́ rẹ nìyí? Ṣé ìwọ ni?" Ó di etí méjèèjì, ó sì tún yọ ọwọ́ kúrò, torí pé kò ní ẹ̀tọ́ láti má gbọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ náà á dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni Ṣíbí jáde wá. Báńdéèjì ti kúrò lójú rẹ̀, ojú náà pọ́n. Ó dúró níwájú Oníkọ́kọ́rọ́.

"Tọ́wò wo aago ara ògiri," ló sọ. "Ó ní ó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rẹ̀yìn. Ó ní kí ni ìlò aago tí kò mọ ìṣirò."

"Ó ríran?"

"Ó ríran. Kò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ń mọ́."

Oníkọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ṣíbí jókòó tì í, ṣùgbọ́n ó fi àyè díẹ̀ sí àárín wọn.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe ìbínú nìkan. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù tó pọ̀ débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Orí rẹ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí." Ó nu ojú tó pọ́n náà. "Dókítà ní ká ní o dúró sí ṣọ́ọ̀bù, tí ò ń retí kí n pè ọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti bọ́ sórí."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

Oníkọ́kọ́rọ́ ò rántí. Ṣíbí náà ò rántí tiẹ̀. Wọ́n jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin kan, wọ́n sì dúró sínú oòrùn, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Búrẹ́dì náà ti le. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá Tọ́wò sílẹ̀. Ojú ọ̀tún padà bọ̀ sípò pátápátá. Ti òsì ṣókùnkùn díẹ̀ ní etí, ó sì máa ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ bó bá ń ka ìwé àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Ọmọ olóògbé gbé ìgò márùn-ún tó kù lọ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ nù, ó sì wá sílé wọn láti bẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ju pé kò tètè rántí lọ. Láti ìgbà náà, Ìyá Àlòkù kì í gba ìgò tó ní nǹkan nínú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ omi.

Ṣíbí àti Oníkọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣọ̀rẹ́. Ó gbà wọ́n ní oṣù mélòó kan kí ẹ̀rín tó padà sáàárín wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára Oníkọ́kọ́rọ́. Bí ó bá wà nídìí tábìlì, tí ẹnì kan gbé ife, apá rẹ̀ á ta, á ti na ọwọ́ kó tó mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí òun àti Tọ́wò bá jọ jókòó, á mu tirẹ̀ díẹ̀ ná, á sinmi, á wo ojú ìyàwó rẹ̀ títí ọkàn ìyẹn á fi balẹ̀, kí Tọ́wò tó gbé tiẹ̀.